Irin Méjì Nínú Ọ̀bẹ Kan: Ọgbọ́n Tí Ó Wà Nínú Ọ̀bẹ Àpò Àwọn Ará Jàpáànù

Ọmọ kíláàsì mi kan ni ó mú ọ̀ràn yìí wá. Mo ń rìn káàkiri láàrin àwọn àga wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí i tí ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ idẹ. Kò fi agbára sí i rárá. Igi pẹ́ńsùlù náà ń bọ́ níwájú ọ̀bẹ náà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa kò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, nítorí náà mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kí ó sọ fún bàbá rẹ̀ kí ó wá gbà á.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá náà dé. Kò bínú sí mi, kò sì bínú sí ọmọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń bínú sí. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án. Àbúrò mi tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ni ó ra ọ̀bẹ yìí wá láti Jàpáànù. Ó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀bẹ tí ó ti là ni wọ́n tà fún un. Ẹ wo ibi tí ó là yìí, láti ìdí dé orí! Mo ti bá apọ́nbẹ sọ̀rọ̀ pé kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ha á títí ìlà náà yóò fi parẹ́.”

Mo wo ọ̀bẹ náà. Lóòótọ́ ni ìlà kan wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó sì dé ṣóńṣó, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ìlà tí omi òkun máa ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn. Lókè ìlà yìí, irin náà ṣú díẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi ẹnu ọ̀bẹ, ó ń dán. Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí apọ́nbẹ fọwọ́ kàn án. Ọ̀bẹ yìí kò là. Irin méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ẹ ń wò yẹn.”

Ó wò mí bí ẹni tí ó rò pé mo ń ṣe àwàdà. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀ràn yìí lè rú lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ ọ́ nù, tàbí tí yóò bà á jẹ́ níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

OHUN MÉJÌ TÍ A Ń FẸ́ LỌ́WỌ́ Ọ̀BẸ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Èkíní, a fẹ́ kí ó mú, kí mímú náà sì pẹ́ lójú rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé bí a bá ti bẹ iṣu mẹ́ta tán, a ó tún máa wá okúta tí a ó fi pọ́n ọn. Èkejì, a fẹ́ kí ó má ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, pàápàá ọ̀bẹ àpò, tí irin rẹ̀ kéré, tí ó sì fẹ́lẹ́.

Ìyọnu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun méjèèjì yìí kì í fẹ́ gbé inú irin kan náà. Irin tí ó le gan-an ni ó lè gbé ojú tín-ín-rín tí kò ní tètè kú, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá le jù a máa ṣẹ́. Ẹ wo àwo tánganran: kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di àfọ́kù. Ẹ sì wo ṣíbí páànù: ẹ lè sọ ọ́ mọ́lẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní fọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje lè tẹ̀ ẹ́ po. Bí ọ̀bẹ bá dàbí àwo, yóò ṣẹ́. Bí ó bá dàbí ṣíbí páànù, kò ní gé nǹkan kan. Láti ayébáyé ni ọ̀ràn yìí ti ń da àwọn alágbẹ̀dẹ láàmú ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rọ irin.

ÈÉDÚ NI Ó WÀ NÍDÌÍ Ọ̀RÀN

Kí ni ó mú kí irin kan le ju èkejì lọ? Ohun tí ó fà á kò jìnnà sí wa: èédú ni. Kì í ṣe pé a lè fọ́ irin kí a rí èédú dúdú nínú rẹ̀ o. Ohun tí èédú fi jẹ́ èédú, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní carbon, ni ó máa ń wọ inú irin láti inú iná ìléru. Nínú irin rírọ̀, carbon yìí kì í sábà ju 0.1 nínú 100 lọ. Nínú irin líle tí a fi ń ṣe ojú ọ̀bẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sítíìlì, ó lè tó 0.6, ó sì lè lé ní 1 nínú 100. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kéré bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti iyọ̀ náà ni ó rí: bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò yóò mọ̀ bí kò bá sí níbẹ̀.

Gbogbo alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa tí ń fi sípíríńgì mọ́tò rọ àdá ni ó mọ̀ pé bí a bá mú irin líle pọ́n nínú iná, tí a sì rì í bọ omi lójijì, líle rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Bí irin náà bá gbóná tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, carbon inú rẹ̀ yóò fọ́n ká bí ṣúgà ti ń yọ́ sínú tíì gbígbóná. Bí a bá jẹ́ kí ó tutù jẹ́jẹ́, carbon náà yóò ráyè kó ara rẹ̀ jọ padà. Ṣùgbọ́n bí omi bá mú un lójijì, kò ní ráyè mọ́. Yóò há sáàrin irin bí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́, kò sì ní jẹ́ kí irin náà lè yẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ìyẹn ni líle. Lẹ́yìn náà, alágbẹ̀dẹ ọlọ́gbọ́n yóò tún fi ooru díẹ̀ yá a, bíi 150 sí 200, kí líle náà lè rọlẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀bẹ má bàa fọ́ bí àwo.

Ṣùgbọ́n irin rírọ̀ tí carbon rẹ̀ kò tó nǹkan kò lè le báyìí. Ẹ mú un pọ́n, kí ẹ rì í bọ omi nígbà mẹ́wàá, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

ÌLÚ MIKI ÀTI Ọ̀BẸ RẸ̀

Ọ̀bẹ tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi ni àwọn ará Jàpáànù ń pè ní higonokami. Ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ́ ni Miki, ní agbègbè Hyogo, kò sì jìnnà sí èbúté Kobe. Láàrin ọdún 1578 sí 1580, ogun dó ti ìlú náà, ó sì bà á jẹ́ gidigidi. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà pọ̀ níbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń rọ irinṣẹ́ fún wọn náà sì pọ̀. Títí di òní, bí a bá dárúkọ Miki ní Jàpáànù, ayùn, òòlù àti irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn.

Ní ọdún 1876, ìjọba Jàpáànù pàṣẹ pé kí àwọn jagunjagun má ṣe gbé idà kiri mọ́. Nígbà tí idà kò tà mọ́, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ káàkiri ilẹ̀ náà yíjú sí ọ̀bẹ àti irinṣẹ́. Láàrin ọdún 1890 sí 1900 ni àwọn ará Miki bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ kékeré yìí. Ìtumọ̀ higonokami ni Olúwa ilẹ̀ Higo. Higo ni orúkọ àtijọ́ agbègbè Kumamoto ní apá gúúsù, níbi tí àwọn oníbàárà wọn àkọ́kọ́ wà.

Ọ̀bẹ náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Pẹlẹbẹ idẹ tàbí irin kan ni wọ́n ká po bí ẹni ká ewé, òun ni èèkù. Ìṣó kan ṣoṣo ni ó so ọ̀bẹ mọ́ èèkù yìí. Kò ní sípíríńgì, kò sì ní ohun tí ń tì í pa. Ìrù kékeré kan ni ó yọ sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chikiri. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ìrù yìí, ọ̀bẹ yóò ṣí. Bí a bá sì ń gé nǹkan, àtàǹpàkò yìí kan náà ni kò ní jẹ́ kí ó pa dé mọ́ wa níka. Bí a bá ṣe tán, a ó ká a padà sínú èèkù, ó di inú àpò.

Kì í ṣe gbogbo higonokami ni ó ní irin méjì. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ irin líle kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, owó wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó dára jù, irin tí wọ́n ń pè ní aogami ni wọ́n fi sí àárín. Ìtumọ̀ aogami ni ìwé aláwọ̀ búlúù. Kì í ṣe pé irin náà fúnra rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Ní Yasugi, ní agbègbè Shimane, níbi tí irin náà ti wá, ìwé búlúù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kí ènìyàn má bàa ṣì í mú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lẹ ìwé funfun mọ́ irin mìíràn tí ń jẹ́ shirogami. Carbon inú aogami lé ní 1 nínú 100, wọ́n sì tún fi tungsten díẹ̀ sí i kí ojú rẹ̀ má bàa tètè kú.

BÍ IRIN MÉJÌ ṢE Ń DI Ọ̀KAN

Ọ̀nà tí àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànù ń gbà so irin méjì pọ̀ láti àtijọ́ nìyí. Alágbẹ̀dẹ yóò mú ọ̀pá irin rírọ̀, yóò mú un pọ́n, yóò sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni la búrẹ́dì tí ó fẹ́ fi ẹyin sí. Yóò wá ki irin líle pẹlẹbẹ bọ inú rẹ̀. Wọ́n ń pe èyí ní warikomi, ìyẹn ni pé a là á, a sì ki nǹkan bọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn kì í là á. Pẹlẹbẹ mẹ́ta ni wọ́n ń tò lé ara wọn: rírọ̀, líle, rírọ̀. Wọ́n ń pe ìyẹn ní san mai, èyí tí í ṣe pẹlẹbẹ mẹ́ta.

Kí wọ́n tó so ó, wọn yóò bu ìyẹ̀fun kan tí ń jẹ́ borax sí ojú irin. Irin gbígbóná a máa ní èépá, bí èépá bá sì wà láàrin, irin méjèèjì kò ní mú ara wọn. Borax yóò yọ́, yóò sì gbé èépá náà jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹwìrì yóò máa fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n kọjá pupa, tí yóò sì máa tàn yòò. Nígbà náà ni owú yóò sọ̀ lé e. Kì í ṣe gúlúù ni ó so wọ́n, kì í ṣe ìṣó, kò sì dàbí iṣẹ́ jórinjórin tí ń yọ́ irin mìíràn sí ojú ibi tí ó ń jó. Irin méjèèjì wọ inú ara wọn ni, wọ́n sì di ara kan. Iná náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí pé iná àpọ̀jù a máa jó carbon inú irin líle dànù. Kò sì gbọdọ̀ kéré jù, nítorí pé alágbẹ̀dẹ lè rò pé wọ́n ti so, kí ó sì jẹ́ pé wọn kò tí ì so. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa fi ẹ̀rọ so irin líle àti irin rírọ̀ ní pẹlẹbẹ gígùn, àwọn tí ń rọ ọ̀bẹ a sì rà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà.

Nísinsin yìí, ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá rọ ọ̀bẹ náà tán, wọn yóò mú un pọ́n, wọn yóò sì rì í lójijì. Iná kan náà ni, ìrìbọmi kan náà ni, ṣùgbọ́n àárín ọ̀bẹ, níbi tí carbon pọ̀ sí, yóò le. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí carbon kò tó nǹkan, yóò rọ̀ síbẹ̀. Kò sí pé a ń fi omi pamọ́ fún ẹ̀gbẹ́, kò sí pé a ń fi iná kún ti àárín. Irin kọ̀ọ̀kan gba ohun tí ara rẹ̀ lè gbà.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò ha ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ náà lọ sísàlẹ̀ títí irin rírọ̀ yóò fi tán níbi ẹnu rẹ̀, tí irin líle yóò sì yọ jáde. Ibi tí rírọ̀ ti pin, tí líle sì bẹ̀rẹ̀, ni ìlà tí bàbá ọmọ náà pè ní lílà.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irin méjì yìí rí. Èyí tí ó le ń gé, ṣùgbọ́n bí ó bá dá wà, ìbẹ̀rù ni kí ó má ṣẹ́. Èyí tí ó rọ̀ kò lè gé, ṣùgbọ́n òun ni ó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, tí ó ń gba ìyà dípò rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá yí ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Láyé àtijọ́ irin líle wọ́n, irin rírọ̀ kò wọ́n. Nítorí náà alágbẹ̀dẹ a máa fi díẹ̀ nínú èyí tí ó wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀wẹ̀, pípọ́n rẹ̀ kò nira. Bí ọ̀bẹ bá le látòkè délẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó kan okúta ni yóò máa bá okúta jà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀bẹ oní-irin-méjì, ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo ni ó le níbẹ̀. Ìyókù rọ̀, okúta sì ń jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí nìyí tí ọmọdé tí ó ní okúta àti omi díẹ̀ fi lè pọ́n ọn fúnra rẹ̀.

ÀWỌN MÌÍRÀN TÍ Ó GBA Ọ̀NÀ YÌÍ

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà pín iṣẹ́ fún irin méjì. Nínú ọ̀pọ̀ idà àtijọ́ Jàpáànù, ìdàkejì ohun tí mo sọ ni wọ́n ṣe: irin líle ni wọ́n fi bo irin rírọ̀ lára bí ẹni da aṣọ bo ọmọ.

Ní ayé tiwa yìí, ilé-iṣẹ́ Fällkniven ti ilẹ̀ Swídìn ṣe ọ̀bẹ àpò kékeré kan tí ń jẹ́ U2. Pẹlẹbẹ mẹ́ta náà ni, ṣùgbọ́n irin tí kì í tètè dípẹtà ni gbogbo wọn. Àárín rẹ̀ jẹ́ irin líle tí wọ́n kọ́kọ́ sọ di ìyẹ̀fun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀; ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ irin tí ó rọ̀ jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní 420J2. Chromium tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà mú un, òun ni ó sì ń dáàbò bo èyí tí ó wà láàrin.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Kershaw gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò fi irin kan sáàrin èkejì. Irin kan tí ń jẹ́ D2, tí ojú rẹ̀ kì í tètè kú, ni wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀bẹ; òmíràn tí ń jẹ́ 14C28N, tí ìpẹtà kì í tètè mú, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbà tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi so méjèèjì. Bí ẹ bá wo irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìlà pupa bàbà tí ó la àárín rẹ̀ kọjá. Ìyẹn náà kì í ṣe lílà o.

ỌDÚN TÍ Ọ̀BẸ NÁÀ FẸ́RẸ̀Ẹ́ PARẸ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Miki. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣòro kí a rí ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jàpáànù tí kò ní higonokami. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù, òun ni wọ́n sì fi ń gé ọparun tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìṣeré. Alágbẹ̀dẹ púpọ̀ ni ó ń jẹun lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan gun Inejiro Asanuma, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Sósíálíìsì ilẹ̀ Jàpáànù, pa lórí pèpéle níbi tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Hibiya ní Tokyo. Idà kúkúrú ni ó lò, kì í ṣe higonokami. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mú gbogbo ilẹ̀ náà nítorí pé ọmọdé ni apànìyàn náà. Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ káàkiri pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọdé mú ohun mímú lọ́wọ́. Àwọn òbí gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, àwọn olùkọ́ sì gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ìgbẹ́ pẹ́ńsùlù gba iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ abẹ́lẹ́bẹ tí a ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ nù bí ó bá kú, èyí tí ọmọ Jàpáànù kan ronú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Àwọn alágbẹ̀dẹ Miki pa iná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ìdílé kan ṣoṣo, tí ń jẹ́ Nagao Kanekoma, ni ó kù tí ó ní ẹ̀tọ́ láti tẹ orúkọ higonokami sára ọ̀bẹ.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ. N kò lè bú àwọn òbí Jàpáànù, nítorí pé kò sí olùkọ́ tí ó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Ikeda, ní agbègbè Nagano, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní higonokami tirẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣí i, bí a ti ń pa á dé, àti bí a ti ń fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ohun tí wọ́n rí ni pé òfin lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọwọ́ náà ní ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí ó bá pàdé ọ̀bẹ. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ní kékeré, inú ilé ìdáná ni ọ̀bẹ yóò ti kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ náà kò sì ní dùn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ IRÚ Ọ̀BẸ BẸ́Ẹ̀ BÁ BỌ́ SÍ LỌ́WỌ́

Èkíní, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàrin ìlà àti lílà. Ìlà irin méjì a máa rìn lọ ní ìbú ọ̀bẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò máa tẹ̀lé ẹnu ọ̀bẹ láì kàn án. Ọ̀bẹ tí ó là lóòótọ́, láti ẹnu rẹ̀ ni lílà náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì wọ inú lọ. Ẹ fi èékánná fà á: lílà a máa kọ́ èékánná, ìlà irin méjì kì í sábà kọ́ ọ.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn kan a máa fi oògùn tàbí iná kọ ìlà sára ọ̀bẹ lásán kí ó lè dàbí oní-irin-méjì. Bí a bá pọ́n irú rẹ̀ díẹ̀, ìlà náà yóò parẹ́. Ìlà tòótọ́ kò lè parẹ́, nítorí pé inú irin ni ó wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé e fún ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ tí ń yí bírí-bírí. Ooru ẹ̀rọ náà a máa pa líle ojú ọ̀bẹ. Bí ẹ bá rí i tí ẹnu ọ̀bẹ yí sí àwọ̀ aró lórí ẹ̀rọ, líle rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà bí kò ṣe pé alágbẹ̀dẹ tún un ṣe nínú iná. Okúta àti omi ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà. Àárín ni irin líle wà. Bí a bá ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ẹnu ọ̀bẹ yóò yà kúrò ní àárín díẹ̀díẹ̀, yóò sì bọ́ sínú irin rírọ̀. Ọ̀bẹ náà yóò di aláìlégé, olówó rẹ̀ yóò sì máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀karùn-ún, irin aogami a máa tètè dípẹtà. Bí ẹ bá fi gé ọsàn tàbí tòmátì, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á kí ẹ tó ká a.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe fi já ìdérí agolo, ẹ má sì ṣe fi yọ ìṣó. Irin rírọ̀ ń ran irin líle lọ́wọ́ ni, kò ní kí ènìyàn sọ ọ̀bẹ di ohun ìjálẹ̀kùn.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún bàbá náà ní ọjọ́ tí ó wá. Ó fi èékánná fa ìlà náà lọ, ó fà á bọ̀, kò kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àṣé mo fẹ́ san owó kí wọ́n bá mi ba nǹkan mi jẹ́!” Ó wá bi mí léèrè bóyá kí òun fún ọmọ náà padà tàbí kí òun fi pamọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó máa lò ó nílé, lójú yín, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ti ń pọ́n ọn. Kí ó má ṣáà mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà ń jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí àga, tí ó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ náà. Mo máa ń mọ pẹ́ńsùlù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ní ọjọ́ Ajé, nítorí pé ẹnu wọn gùn, ó sì gún régé.